Staraya Russa: Ìrìn Ẹsẹ̀ Létí Odò Dostoevsky

Níbi tí odò Porusya ti já sínú odò Polist, ní àárín gbùngbùn ìlú Staraya Russa, ni Kàtídírà Àjíǹde dúró sí. Ọdún 1692 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, wọ́n sì parí iṣẹ́ náà ní 1696. Omi yí i ká débi pé ibi yòówù kí ènìyàn gbà wọ àárín ìlú, òun ni ojú máa kọ́kọ́ rí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì yìí ló ń fa àwọn òǹkàwé láti ilẹ̀ òkèèrè wá sí ìlú kékeré náà. Ohun tí wọ́n ń bá bọ̀ ni ọ̀nà ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá afárá kàtídírà, tó ń bá omi lọ sí ìhà òkè odò, títí dé ilé onígi alájà méjì kan. Inú ilé yẹn ni òǹkọ̀wé ará Rọ́ṣíà, Fyodor Dostoevsky, gbé. Etídò yẹn ló ń rìn lọ rìn bọ̀ nígbà tó ń hun ìtàn baba kan àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀, èyí tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Àwọn Arákùnrin Karamazov.

Agbègbè Novgorod ní Rọ́ṣíà ni ìlú náà wà, ní gúúsù adágún Ilmen. Bọ́ọ̀sì ń lọ síbẹ̀ láti Veliky Novgorod, ìrìn nǹkan bí 100 kìlómítà. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 30,000 lọ, àmọ́ ìlú àtayébáyé ni: ìwé ìtàn àwọn ará Novgorod ti dárúkọ rẹ̀ láti 1167. Iyọ̀ ló sọ ọ́ di ìlú. Omi iyọ̀ ń sun láti abẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ará àtijọ́ á gbé e kaná títí omi á fi gbẹ tán, wọ́n á sì kó iyọ̀ tó bá kù lọ sọ́jà. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú àwọn lẹ́tà tí wọ́n ha sára èèpo igi birch jáde nínú ilẹ̀ ìlú náà, èyí tó fi hàn pé kíkà àti kíkọ kì í ṣe nǹkan tuntun lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tó di 1828, wọ́n dá ibùdó ìwòsàn sílẹ̀ síbẹ̀ kí àwọn aláìsàn lè máa wẹ̀ nínú omi iyọ̀ náà, kí wọ́n sì máa fi ẹrẹ̀ dúdú inú rẹ̀ para.

Ìwòsàn ló gbé ìdílé Dostoevsky débẹ̀. Ní ìgbà ooru 1872, òun àti aya rẹ̀, Anna Grigoryevna, kó ọmọ méjì wá láti St. Petersburg nítorí wọ́n gbọ́ pé omi ibẹ̀ dára fún ara àwọn ọmọdé. Lyubov kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Fyodor kékeré ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pé ọdún kan ni. Ọkọ̀ ojú irin kò tíì dé Staraya Russa nígbà yẹn, ọdún 1878 ni ojú irin tó so ó mọ́ Novgorod. Àwọn arìnrìnàjò á wọ ọkọ̀ ojú irin dé etí odò Volkhov, wọ́n á bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí Novgorod, wọ́n á tún gba orí adágún Ilmen kọjá. Anna kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé ìrántí rẹ̀ bí ìrìnàjò orí omi náà ṣe dùn mọ́ wọn tó.

Ìgbà ooru àkọ́kọ́ yẹn kò rọrùn fún wọn. Ọwọ́ Lyubov ti kán kí wọ́n tó dé, eegun náà sì ń jinná sódì, ló bá di dandan kí bàbá àti ìyá gbé e padà lọ sí Petersburg fún iṣẹ́ abẹ. Ìdílé àlùfáà Ioann Rumyantsev, tí wọ́n wọ̀ sí lọ́dọ̀, ni wọ́n fi ọmọkùnrin sí lọ́wọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì Georgi Mímọ́, níbi tí Rumyantsev ti ń sìn, tí wọ́n kọ́ ní 1410, ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Ẹni tó bá ń rìn etídò lè yà níbẹ̀ wò ó, nítorí ó sún mọ́ ọ̀nà.

Ní 1873 ni wọ́n wá gba ilé tó di ilé wọn. Ọ̀gá sójà kan tó ti fẹ̀yìn tì, Gribbe, ló ni ín, ó sì wà ní ìpẹ̀kun ìlú, létí Pererytitsa, ìyẹn orúkọ tí wọ́n ń pe Porusya ní apá ibẹ̀. Anna fi ìfẹ́ ṣàpèjúwe ilé náà. Ó ní yàrá rẹ̀ kéré, àga àti tábìlì inú rẹ̀ jẹ́ ti ayé àtijọ́, ọgbà tó ní ìbòji wà níbẹ̀, ọgbà ẹ̀fọ́ wà, ilé ìwẹ̀ olóoru ti àwọn ará Rọ́ṣíà sì wà láàárín ọgbà, ọkọ rẹ̀ a sì máa wẹ̀ níbẹ̀ dáadáa. Lójú odò, wọ́n ti gbin àwọn igi elm ńláńlá láti ayé Arakcheev, ọ̀gágun tí ọba fi ṣe olórí àwọn abúlé sójà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún náà.

Ìdí méjì tí Dostoevsky fi fẹ́ràn ilé yẹn yẹ fún àfiyèsí. Àkọ́kọ́, ó ń bẹ̀rù iná. Onígi ni ọ̀pọ̀ ilé Rọ́ṣíà nígbà yẹn, iná kan ṣoṣo sì lè jó odindi ìlú. Àmọ́ ilé Gribbe dá dúró, ọgbà àti òpópónà ló yí i ká, kò fara kan ilé ẹlòmíràn. Èkejì, ó fẹ́ràn kó máa rìn. Àgbàlá ilé náà ní òkúta tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, tó fi jẹ́ pé nígbà òjò, tí gbogbo òpópónà ìlú bá di ẹrẹ̀ rẹpẹtẹ, ó ṣì máa ń rí ibi rìn. Ọkùnrin tó ń yan ilé nítorí pé ó fẹ́ máa rìn lójoojúmọ́, bí òjò ń rọ̀ bí kò rọ̀, kì í ṣe ẹni tó ka ìrìn sí eré. Ara iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Ìwé ìrántí Anna jẹ́ ká mọ bí ọjọ́ kan ṣe máa ń lọ, pàápàá ní ìgbà òtútù 1874 sí 1875 tí wọn kò padà sí Petersburg. Òru ni Dostoevsky fi ń kọ̀wé, títí di aago mẹ́ta tàbí mẹ́rin ìdájí, kò sì ní jí títí ọwọ́ ọ̀sán á fi máa kan. Lẹ́yìn náà, á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó kọ, Anna á sì máa fi àmì kúkúrú gbà á sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn náà ló sọ wọ́n di tọkọtaya: ní 1866, nígbà tí àkókò ti fẹ́ tán lórí ìwé kan tó jẹ atẹ̀wéjáde ní gbèsè, wọ́n rán Anna sí i gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé, ìwé náà parí láàárín oṣù kan, wọ́n sì ṣègbéyàwó ní 1867. Ní Staraya Russa, bí ìkọ̀wé bá ti parí, ó di ìrìn.

Ìrìn ọ̀sán, òun nìkan ni. Àwọn òpópónà tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ ló ń tọ̀, bó bá sì ti wù kó rí, á yà ní ṣọ́ọ̀bù Plotnikov. Níbẹ̀, á ra ìpápánu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Petersburg àti nǹkan dídùn fún àwọn ọmọ. Díẹ̀díẹ̀ ló ń rà. Owó kò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn ará ṣọ́ọ̀bù mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń fi ọ̀wọ̀ tirẹ̀ wọ̀ ọ́, wọ́n á máa fi ọjà tuntun hàn án bí ẹni pé oníbàárà ńlá ni. Aago márùn-ún, ó ti padà sílé láti bá àwọn ọmọ jẹun. Tó bá di aago méje, òun àti Anna á jọ jáde fún ìrìn alẹ́, wọ́n á sì gba ilé ìfìwéránṣẹ́ kọjá bí wọ́n bá ń padà bọ̀, nítorí àsìkò yẹn ni lẹ́tà Petersburg ti máa ń wà nílẹ̀.

Ojú mìíràn náà ń wo ìrìn wọ̀nyí. Ní 1849, ìjọba ti mú Dostoevsky pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ tó ń pàdé láti jíròrò òṣèlú, wọ́n dájọ́ ikú fún un, wọ́n mú un dé gbàgede tí wọ́n fẹ́ yìnbọn pa á sí, kí wọ́n tó kéde pé ọba ti dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Ọdún mẹ́rin ló fi ṣẹ̀wọ̀n pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára ní Omsk, ní Siberia. Ó ju ogún ọdún lọ lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ọlọ́pàá kò tíì gbójú kúrò lára rẹ̀. Ní 1875, Anna lọ bá ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú nítorí ìwé ìrìnnà tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ fi lọ gba ìtọ́jú ní Ems, ní Jámánì. Ọkùnrin náà fi fáìlì aláwọ̀ búlúù kan hàn án, tó nípọn, tí gbogbo ìròyìn nípa Dostoevsky wà nínú rẹ̀. Ìròyìn rere ni púpọ̀ nínú wọn: wọ́n ní kì í mutí, kò sì dá wàhálà sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìtàn yìí kì í wo òpópónà etídò náà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, torí ẹni tí wọ́n ń ṣọ́ lójoojúmọ́ ló rìn ín, ó sì ń kọ ìwé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn inú rẹ̀ ń ṣọ́ ara wọn.

Ilé náà ni kí á kọ́kọ́ fi wé ti inú ìwé. Nígbà tí Gribbe kú ní 1876, àbúrò Anna ló bá wọn rà á, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí òǹkọ̀wé náà máa ní ibi tó lè pè ní ilé tirẹ̀. Ilé Fyodor Pavlovich Karamazov, bàbá inú ìtàn náà, jọ ọ́: yàrá kéékèèké, àtẹ̀gùn tí ènìyàn kò retí, kọ̀rọ̀ tí nǹkan lè fara pamọ́ sí. Ọgbà wà, odi ọgbà wà, ilé ìwẹ̀ wà nínú ọgbà. Níbi odi yẹn ni Lizaveta, obìnrin aláìnílé tí orí rẹ̀ kò pé, ti gùn wọlé pẹ̀lú oyún, tó sì bímọ sínú ilé ìwẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ibẹ̀ kan náà ni Dmitri gbà wọ ọgbà bàbá rẹ̀ lóru ọjọ́ tí wọ́n pa bàbá náà.  

Ṣọ́ọ̀bù Plotnikov náà wà nínú ìwé, orúkọ kò yí padà. Ibẹ̀ ni Dmitri ti ra wáìnì, oúnjẹ àti nǹkan dídùn lọ́pọ̀ yanturu, kó tó sáré lọ bá Grushenka, obìnrin tí òun àti bàbá rẹ̀ jọ ń dù, lóru ọjọ́ yẹn kan náà. Ẹni tó máa ń ra ìwọ̀nba díẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ló fi ọjà tó kún kẹ̀kẹ́ ẹṣin fún ọmọ ìtàn rẹ̀. Ní ti Grushenka, àwọn olùṣèwádìí gbà pé Agrippina Menshova, ọmọbìnrin ìlú tí ìdílé Dostoevsky mọ̀, ni òǹkọ̀wé náà wò kọ ọ́. Ilé Menshova wà létí omi kan náà, ìrìn kúkúrú sí ti Dostoevsky. Odò pàápàá kò bọ́: asọ̀tàn inú ìwé náà sọ̀rọ̀ burúkú sí omi kan tó ń rùn, tó ní wọ́n kàn máa ń pè ní odò ni. Malashka, omi kékeré inú ìlú, ni wọ́n ní ó ń bá wí.

Kókó ọ̀rọ̀ nìyí, ẹsẹ̀ ló sì ń ṣàlàyé rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé lọ. Ìwé Àwọn Arákùnrin Karamazov gùn, ó sì ń bi Ọlọ́run àti ènìyàn ní ìbéèrè tó wúwo, nítorí náà ọ̀pọ̀ òǹkàwé máa ń rò pé inú ayé ńlá ló ti ṣẹlẹ̀. Rárá. Ìlú tí gbogbo nǹkan ti sún mọ́ra ni. Ilé bàbá, ilé obìnrin tí bàbá àti ọmọ jọ ń dù, ṣọ́ọ̀bù, ṣọ́ọ̀ṣì, afárá: ẹni tó bá fẹ́ sá fún ẹnìkan á tún pàdé rẹ̀ ní ìkóríta. Ìdí tí ọ̀rọ̀ inú ìwé náà fi ń gbóná bí ìkòkò tí wọ́n dé pa ni pé kò sí àyè láti sá sí. Ìyẹn kò lè yé ẹni tó jókòó ka á ní London tàbí Èkó bó ṣe máa yé ẹni tó rìn láti ẹnu ilé yẹn dé kàtídírà láìtíì rẹ̀ ẹ́.

Ìbànújẹ́ náà wà ní bèbè odò yìí. Oṣù Kẹjọ 1875 ni Anna bí ọmọkùnrin kan, Alexei, ní Staraya Russa. Oṣù Karùn-ún 1878, wárápá pa ọmọ náà ní Petersburg kó tó pé ọdún mẹ́ta. Àrùn tó ń ṣe bàbá rẹ̀ ni. Nínú oṣù tó tẹ̀ lé e, Dostoevsky àti ọ̀dọ́ onímọ̀ ọgbọ́n orí kan, Vladimir Solovyov, rìnrìnàjò lọ sí ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ní Optina, níbi tó ti bá Amvrosy, àgbà àlùfáà tí ogunlọ́gọ̀ ń wá lọ́dọ̀, sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló padà sídìí ìwé rẹ̀. Àbíkẹ́yìn nínú àwọn arákùnrin Karamazov, tí ó jẹ́ ọlọ́kàn tútù jù lọ, ń jẹ́ Alexei.

Nǹkan mìíràn tún wà tó yẹ kí òǹkàwé ilẹ̀ Adúláwọ̀ fọkàn sí. Ní oṣù Karùn-ún 1880, inú ilé etídò yìí ni Dostoevsky ti kọ ọ̀rọ̀ tó lọ sọ ní Moscow nígbà tí wọ́n ń ṣí ère akéwì Alexander Pushkin. Ọ̀rọ̀ náà wọ àwọn tó pé jọ lára débi pé ìròyìn rẹ̀ gba gbogbo Rọ́ṣíà kan. Pushkin tó ń yìn yẹn, ọmọ ọmọ ọmọ Abram Gannibal ni, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n kó wá sí Rọ́ṣíà ní kékeré láyé Peter Ńlá, tó sì di ọ̀gágun níbẹ̀. Pushkin kò fi ìran yìí pamọ́; ó tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwé kan lórí bàbá ńlá rẹ̀, bí kò tilẹ̀ parí rẹ̀.

Ìgbà ooru 1880 ni Dostoevsky lò kẹ́yìn ní Staraya Russa. Ó padà sí Petersburg, ó parí ìwé rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá, ó sì kú ní ìbẹ̀rẹ̀ 1881. Anna kò pa ìlú náà tì. Ní 1883, ó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ síbẹ̀ fún àwọn ọmọ mẹ̀kúnnù ní ìrántí ọkọ rẹ̀.

Ogun ló wá fẹ́ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Àwọn ọmọ ogun Jámánì gba Staraya Russa ní oṣù Kẹjọ 1941, ọdún méjì àti ààbọ̀ ni ojú ogun sì fi wà nítòsí rẹ̀. Ní 18 oṣù Kejì 1944 tí àwọn ọmọ ogun Soviet gbà á padà, àwókù ni wọ́n bá. Ilé tó dúró kò tó nǹkan. Nítorí ìdí yìí ni kò fi yẹ kí àlejò retí ìlú ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó pé pérépéré. Ilé alábíríkì tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn ogun ló pọ̀. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, wọ́n tún wọn ṣe. Ilé Dostoevsky, ogun ṣe é léṣe púpọ̀, wọ́n sì fara balẹ̀ dá a padà sípò, títí wọ́n fi ṣí i gẹ́gẹ́ bí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní oṣù Karùn-ún 1981. Lẹ́yìn náà ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kejì dé, tó dá lórí ìwé Àwọn Arákùnrin Karamazov nìkan. Ère òǹkọ̀wé náà ti wà nínú ìlú láti 2001, etídò ilé rẹ̀ sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ká má fọ̀rọ̀ bọpobọyọ̀: láìsí ìwé yẹn, ta ni ì bá máa ṣe wàhálà láti mọ ibi tí ṣọ́ọ̀bù kan wà ní ìlú kékeré tí ogun ti wó lulẹ̀? Dostoevsky gba ìlú náà láti fi kọ ìwé, ìwé náà sì ti san án padà.

Bí ẹsẹ̀ kò bá tíì rẹ àlejò, ó lè kọjá lọ sí ibùdó ìwòsàn, tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Omi iyọ̀ orísun Muravyov ń tú sókè láti inú ilẹ̀ fúnra rẹ̀, láìsí ẹ̀rọ tó ń fà á, láti nǹkan bí 1859 tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Àwọn aláìsàn ṣì ń jókòó yí i ká kí wọ́n lè mí afẹ́fẹ́ iyọ̀ rẹ̀. Ní ìhà mìíràn, Polist ń lọ bá odò Lovat, Lovat ń lọ bá Ilmen, ọ̀nà omi tí àwọn oníṣòwò àtijọ́ ń gbà láti òkun àríwá lọ sí ilẹ̀ àwọn Gíríìkì.

Oṣù Kẹfà ló dára jù láti rìn ibẹ̀, nítorí ilẹ̀ kì í tètè ṣú. Aago mẹ́wàá alẹ́, ìmọ́lẹ̀ ṣì wà lójú omi. Ìgbà òtútù yàtọ̀ pátápátá: odò á dì, òjò dídì á bo etídò, aṣọ tó nípọn di dandan. Láti 2022 tí Rọ́ṣíà ti gbógun wọ Ukraine, ìrìnàjò síbẹ̀ ti di ìṣòro fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹni tó bá sì fẹ́ lọ gbọ́dọ̀ wádìí dáadáa kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀yin tí ẹ bá máa lọ, ẹ ka ìwé náà tán kí ẹ tó lọ, ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí ẹ bá dé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní kàtídírà, kì í ṣe ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kí ẹ sì fi ilé Menshova sí ojú ọ̀nà. Ẹ dúró díẹ̀ níbi odi ọgbà. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju wákàtí kan lọ fún ẹni tó bá rọra ń rìn, kò sì sí ìdí kankan láti gba takisí.